Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbé Màámá Nílẹ̀

"Jẹ́ kí n parí ìlà yìí."

Gbólóhùn tí aránṣọ náà sọ jù lọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Ó ń sọ ọ́ fún ìkòkò tó ń hó lórí iná. Ó ń sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbúrò yìí ló sì gbọ́ ọ jù.

Yàrá méjì ni ilé wọn, ṣọ́ọ̀bù sì wà níwájú. Ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ láàárín, aṣọ tí wọn kò tíì parí lórí ìṣó. Yàrá tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù ni ìyá wọn ń sùn, wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí Màámá fẹ́ máa gbọ́ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ Màámá ti kọ iṣẹ́ tipẹ́. Nígbà tó já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, tó tún já bọ́, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì kúrò, wọ́n tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á gbé e láti orí fóòmù sórí àga onítáyà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé e padà.

Ká sòótọ́, àbúrò ló ń gbé e.

Á pè láti inú yàrá: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di ẹsẹ̀ wọn mú."

Aránṣọ á dáhùn, ojú rẹ̀ lórí abẹ́rẹ́: "Jẹ́ kí n parí ìlà yìí."

Ìlà á parí. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, yóò ti gbọ́ tí àga ń dún bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, Màámá lórí rẹ̀, àbúrò lẹ́yìn tó ń tì í, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti gbé wọn."

Ó tán. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ìbínú ì bá sàn.

Ẹ̀yìn nìkan ló fi ń gbé e. Orúnkún á dúró gan-an, ìdí á wà lókè, ẹ̀yìn á tẹ̀ kọrọdọ, á wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Màámá, á fà á. Ọdún dé, ọdún lọ. Láti ibi tí aránṣọ jókòó sí, ó ń rí i. Ẹni tó lè wo obìnrin kan lọ́nà, kó sì sọ pé èjìká ọ̀tún rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju tòsì lọ. Ẹni yẹn gan-an ni kò rí ẹ̀yìn àbúrò ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dípò àga, igbe ló gbọ́.

Màámá wà lórí fóòmù, kò sóhun tó ṣe é. Àbúrò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ọwọ́ àti orúnkún, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Màámá ń fi ọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó wà ní kékeré. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ olórí láàárín ètè.

Dókítà ní kí àbúrò má gbé ohun tó wúwo ju kẹ́tùlù omi lọ mọ́. Wọ́n bi í pé títí di ìgbà wo. Ó wo ìwé iwájú rẹ̀, ó sì pe aláìsàn tó kàn.

Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, àkọ́bí Màámá, gbọ́, ó sì dé láti ìlú tó ń gbé, ìrìn àjò tó ń gba odidi ọjọ́. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó wo ilé yíká. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ.

"Màámá á máa bá mi lọ. Mo ní yàrá, mo ní nọ́ọ̀sì tó máa ń wá. Ta ló máa máa gbé wọn níbí?"

"Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń bá wa gbé wọn," ni aránṣọ dáhùn.

"Wẹ́dà?"

Màámá dá sí i láti inú yàrá. "Ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbé mi, ńṣe ni mo máa ń dijú. Ojú ń tì mí."

"Ẹ ò rí i?" ni Bọ̀ọ̀dá wí.

"Ìyẹn ò ní kí n lọ síbì kankan," ni Màámá tún ké. "Tí n kò bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀, báwo ni n óo ṣe mọ̀ pé mo jí?"

Aránṣọ gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. "Èmi ni n óo máa gbé wọn."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ ló wúwo jù nínú ohun tó ò ń gbé?"

"Ẹ fún mi láyè di ìparí oṣù, Bọ̀ọ̀dá."

Ó wò ó títí. "Ó dáa. Níparí oṣù, n óo gbé mọ́tò wá. Tí o bá dá wọn gbé níwájú mi, láìkérora, láìsí pé ẹnikẹ́ni bá ọ dì wọ́n mú, n óo dá nìkan padà lọ. Tí o ò bá lè gbé wọn, n kò ní í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Bí aránṣọ ṣe di ará jíìmù, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin mú ara le, nìyẹn.

Ẹ̀yìn ilé epo ni jíìmù náà wà, nínú yàrá gígùn tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀. Òórùn rọ́bà kò tíì kúrò níbẹ̀. Dígí ńlá kan tó ti sán. Fáànù tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí kò gbà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí òógùn bò. Nígbà tó wọlé pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ àti ṣòkòtò tó rán fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pariwo:

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá! Ṣé ẹ fẹ́ wọ ìdíje ni?"

"Rárá o," ló dáhùn. "Ṣòkòtò rẹ ni mo ń wò. Òwú ìdí rẹ̀ ti ń tú. Bó o bá tún lóṣòó lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo wa la máa mọ ọ́ dáadáa."

Ẹ̀rín bẹ́. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan ìdí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Obìnrin ni ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀. Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń gbé irin. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ tán kó tó lanu.

"Ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, Àǹtí, gbígbé nǹkan nílẹ̀ ni. Òun náà la máa kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní í fọwọ́ kan irin lónìí."

Ó mú igi ìgbálẹ̀ fún un. Kó gbé e sẹ́yìn, kí igi kan ìpàkọ́, kó kan àárín èjìká, kó kan ìbẹ̀rẹ̀ ìdí. Kó wá tẹ̀ síwájú. Kí igi má kúrò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Aránṣọ tẹ̀. Igi fò kúrò nídìí lójú ẹsẹ̀.

"Àárín ẹ̀yìn lẹ fi ń tẹ̀," ni Kóòṣì wí. "Bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ìdí ló máa kọ́kọ́ lọ. Tí ọwọ́ yín méjèèjì bá kún fún ẹrù, tí ilẹ̀kùn wá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn yín, kí lẹ máa fi tì í?"

"Ìdí ni."

"Ẹ tì í nígbà náà."

Ó ti ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀. Igi dúró.

Nílé, rúlà onígi gígùn tó fi ń gé aṣọ ló ń gbé sẹ́yìn. Á dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, á ti ìdí sẹ́yìn, á dìde. Àbúrò ń wò ó láti orí àga rẹ̀, ìrọ̀rí lẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ dà bí ewúrẹ́ tó gbé pákó mì."

Màámá gbọ́ ọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀gbẹ́ mú, nítorí ẹ̀rín pàápàá ti ń dùn ún.

Ìgbà tó yá, Kóòṣì jẹ́ kó fọwọ́ kan irin. Ẹsẹ̀ lábẹ́ ìbàdí. Irin lókè àárín ẹsẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun. Ìdí sẹ́yìn, àyà síta. Èémí sínú, kí ikùn le bí ikùn ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbá òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ọwọ́ kò ní iṣẹ́ kankan. Okùn lásán ni.

"Ẹ má fà á!" ni Kóòṣì á máa ké. "Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ti ilẹ̀! Ẹ jẹ́ kí irin máa fara kan yín. Bó bá ti jìnnà sí yín báyìí, ẹ̀yìn yín ló ń gbé e."

Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Irin gbéra. Ó dúró ṣánṣán, ó sì rí ara rẹ̀ nínú dígí tó sán. Ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀rọ ti jẹ́ kó gbàgbé pé òun ga.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò mọ nǹkan kan lára. Ó tiẹ̀ ń yangàn. Lọ́jọ́ kejì, ara le díẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ara ríro tó fi ojú hàn. Itan. Ìdí. Ẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kó tó lè jókòó, á di tábìlì mú, á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọ omi gbígbóná. Láti dìde, á tún ké pe Ọlọ́run. Ó rò pé òun ti ba ara òun jẹ́. Ó fi ọ̀já di ìbàdí pinpin, ó sì dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó fi máa dìde, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ tún le sí i.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì. "Mo ti ṣẹ́ nǹkan."

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ro yín ni, àbí ẹyọ kan?"

"Méjèèjì."

"Ṣé ó ń gún yín bọ̀ wá sínú ẹsẹ̀?"

"Rárá. Ó kàn ń ro mí ni. Bí ẹni tí wọ́n lù nínú ọjà."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tí ẹran ara yín ò ṣe rí ló ń ṣe yẹn. Á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀, ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ sùn. Ẹ má tún dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́. Ọjọ́ tó bá gún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì wọ ẹsẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, Àǹtí. Bí ara bá ṣì ń ro yín, ẹ má wá gbé irin tó wúwo. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sinmi ni ara ń di alágbára."

Nígbà tó délé, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó gan-an bí ẹni tó ń dúró de fọ́tò.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí lára rẹ nìyí?"

"Báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Bí ẹni tí wọ́n lù."

Àbúrò rò ó. "Bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ń gún mi wọ ẹsẹ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ, Àǹtí. Ẹ ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ parí ìlà."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Aránṣọ wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Kò sí aṣọ tó rán láti ọdún wọ̀nyẹn tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ti bá ẹni tó ni wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ náà, ó tẹra mọ́ ọn. Nígbà tí irin ti rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Kóòṣì gbé àpò iyanrìn síwájú rẹ̀. "Irin ní ibi tí wọ́n ń dì mú. Ènìyàn ò ní." Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fa ẹrù mọ́ àyà kó tó dìde, bí yóò ṣe yí ẹsẹ̀ dípò kó yí ẹ̀yìn. Nígbà tí oṣù ń lọ sópin, aránṣọ ní kí wẹ́dà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú yàrá Màámá, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní kí Màámá di òun lọ́rùn. Ìdí sẹ́yìn. Àyà síta. Èémí sínú. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀.

Màámá gbéra.

"Yéè!" ni Màámá wí nígbà tó ti jókòó sórí àga. "O gbé mi bí ẹni gbé ẹyin."

Wẹ́dà pàtẹ́wọ́. Àbúrò sunkún díẹ̀, ó ní eruku ni.

"Ẹ ti ṣe tán," ni Kóòṣì wí nígbà tó gbọ́. "Ẹ má padà síbí títí ẹ̀gbọ́n yín á fi wá lọ. Ẹ sinmi. Ẹ gbọ́?"

Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni. Kò sí aṣọ kan láyé rẹ̀ tó parí ṣáájú ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà máa wá gbà á. Bó tilẹ̀ ti rán gbogbo rẹ̀ tán, á tún gbé e, á tún etí rẹ̀ ṣe, á tún bọ́tìnnì gán sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn, bí òun náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ Bọ̀ọ̀dá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gba ìsinmi. Ó ń rò ó pé: bí ó bá yẹ̀ ńkọ́? Bí Màámá bá wúwo jù lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ìrọ̀lẹ́ méjì tó ṣíwájú ọjọ́ náà ni ó lọ sí jíìmù. Kóòṣì kò sí níbẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ síbi ìdíje. Aránṣọ to àwo irin tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sórí ọ̀pá. Ó gbé e. Ó tún gbé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ara ti ń ro ó kó tó débẹ̀. Ó ní agbára ló ń wọ ara òun. Ó tún to irin sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà.

Ó fi omi gbígbóná wẹ̀. Ó rìn yí tábìlì ìgéṣọ ká. Ó ń bá itan rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ. Mọ́tò Bọ̀ọ̀dá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Káàárọ̀. Ṣé a ti ṣe tán?"

Gbogbo wọn wọ yàrá. Bọ̀ọ̀dá fara ti ògiri. Àbúrò di férémù ilẹ̀kùn mú. Aránṣọ dúró ti Màámá. Ìdí sẹ́yìn. Itan ké. Àyà síta. Èémí sínú. Màámá di í lọ́rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fara kanra. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ń ya aṣọ nínú itan òun láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó gbé e. Ó yí ẹsẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí àga, jẹ́jẹ́. Kò kérora.

Bọ̀ọ̀dá mi orí sókè sódò. "O gbé wọn. Ọ̀rọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ mi." Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì.

"Dúró," ni Màámá wí.

Ó na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ aránṣọ. "Mo gbọ́ eyín rẹ."

"Ara ríro lásán ni, Màámá. Ara líle. Á lọ lọ́túnla."

"Bí àbúrò rẹ náà ṣe sọ nìyẹn. Láràárọ̀. Etí mi ló wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń wa eyín pọ̀, mo sì dákẹ́, nítorí pé mi ò fẹ́ kúrò níbí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti jẹ ẹ̀yìn ọmọ kan. N kò ní í jẹ ti ìkejì."

"Kò jọra, Màámá! Èyí yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni. Kò gún mi. Èmi ni mo lọ gbé irin nígbà tí wọ́n ní kí n sinmi. Ká ní mo sinmi ni, ẹ kì bá ti gbọ́ nǹkan kan!"

"Òótọ́ ni, Màámá," ni àbúrò wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ó yàtọ̀."

"Ìwọ?" Màámá rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Ìwọ tó jẹ́ pé ọjọ́ tó o ṣubú lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo. Ẹ palẹ̀ aṣọ mi mọ́."

Gbogbo ohun tí Kóòṣì kọ́ ọ nípa ìrora méjì, èyí tó ń lọ àti èyí tí kì í lọ, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ìyá tó ti gbọ́ eyín ọmọ máa gbà.

Bọ̀ọ̀dá ló gbé Màámá sínú mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí àga onítáyà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ ti ìdí sẹ́yìn! Ẹ fà wọ́n mọ́ra!"

Ó dúró, ojú tì í díẹ̀. Ó ti ìdí sẹ́yìn. Ó gbé e dáadáa.

"Lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ," ni Màámá wí láti ojú fèrèsé mọ́tò. "Kí n máa gbọ́ ọ títí a ó fi yí kọ́nà."

Ó lọ. Ó jókòó láìdi nǹkan kan mú, ìrora gba gbogbo ara rẹ̀. Ó fa aṣọ kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò gbéra. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí kò gbọ́ mọ́tò mọ́ ló tó wolẹ̀, ó sì rí i pé kò sí òwú nínú ẹ̀rọ.

Lọ́túnla, bó ṣe wí gẹ́lẹ́, ara ríro lọ. Ó jí, ó ń wá a, kò rí i. Ara fúyẹ́, ẹsẹ̀ le, ẹ̀yìn tọ́. Kò lágbára tó báyìí rí láyé rẹ̀.

Ó wọ yàrá Màámá láti gbé fóòmù lọ sá sóòrùn. Ó dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ lábẹ́ ìbàdí. Ìdí sẹ́yìn, àyà síta. Ó mí sínú, ikùn le. Ìwúwo ènìyàn ló mí sínú dè. Fóòmù gbéra bí ohun tí kò sí.

Àbúrò wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lára ògiri, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe yẹ kí n máa ṣe é nìyẹn, Àǹtí?"